Alága Tó Fòfin De Bíbalẹ̀

Àwọn èèyàn kan wà láyé tó jẹ́ pé ìjókòó ló máa ń bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá wà lórí ìdúró, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n á kí yín, wọ́n á béèrè àlàáfíà yín, wọ́n á tiẹ̀ bá yín gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣáà má fún wọn ní àga, pàápàá àga tó ní apá lọ́tùn-ún lósì. Irú wọn ni Alága tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó jọ ọ́ ládùúgbò yín, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi, mo ti mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n dìbò yàn án. Àwọn òbí kan ló kó ara wọn jọ pé kí àwọn ọmọ tiwọn náà máa rí òkìtì ta, nítorí ilé eré tó wà láàárín ìlú, àfi ọmọ ẹni tó rí jájẹ. Wọ́n tọrọ ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo, wọ́n gbá a mọ́. Ẹni tí fóòmù rẹ̀ ti gbó nílé gbé e wá, àwọn ìyá tó mọ aṣọ rán rán aṣọ tó nípọn bò ó, bàbá kan kan àpótí gìrìwò kan tí àwọn ọmọ á máa fò kọjá, òmíràn fá igi gbọọrọ kan dán kí wọ́n lè máa rìn lórí rẹ̀. Àdúgbò kejì gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Ẹ̀kẹta gbọ́. Bó ṣe di líìgì nìyẹn. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń dá, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́ níbẹ̀: òbí tí kò lè kọ́ ọmọ á gbé fóòmù, èyí tí kò lè gbé fóòmù á bu omi fún àwọn ọmọ mu.

Níbi ìpàdé wọn àkọ́kọ́, orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo èèyàn wà, àga alápàá kan ṣoṣo ló wà nílé. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń kọjá lọ, ó rí èrò, ó yà wọlé. Orúnkún ń dùn ún, wọ́n sì ní kó jókòó sórí àga náà. Wọ́n tún wò ó pé àgbà ni, wọ́n ní kó fi gbólóhùn kan ṣí ìpàdé. Gbólóhùn kan! Ọkùnrin tó ti ṣe igbákejì ọ̀gá ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, tí ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan rí, ẹ ní kó sọ gbólóhùn kan! Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ ọwọ́ fi sùn, wọ́n jí, wọ́n tún sùn. Nígbà tó sú àwọn èèyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ kó lè dákẹ́.

Ó gbọ́ àtẹ́wọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Mo gbà! Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí ẹ ti fi ohùn kan yàn mí, ta ni èmi tí n ó fi kọ̀? Mo gbà láti jẹ́ Alága yín!"

Àwọn òbí wo ara wọn lójú. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún ayọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò yàn án? Ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàárín wọn tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti yan Alága. Ohun tó sọ òun náà di Akọ̀wé nìyẹn.

Kò pẹ́ tí oyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí Alága bí ewú. Akọ̀wé mọ ibi tó ń yún un, ibẹ̀ ló sì ń họ. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, Akọ̀wé á ṣíwájú, á fa ọrùn yọ, á lọgun pé, "Ẹ dìde! Alága Pátápátá ń wọlé bọ̀! Òpómúléró eré ìdárayá! Baba gbogbo ẹsẹ̀ tó ń fò!" Gbogbo ilé á dìde. Ọmọ tó dorí kodò tó ń fi ọwọ́ rìn ńkọ́? Kó dìde. Èyí tó wà lórí igi gbọọrọ, tó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn? Kó dúró bẹ́ẹ̀ títí Alága yóò fi jókòó, Alága kì í sì í tètè jókòó. Láàárín ara wọn, Bàbá Ẹ-Dìde ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní òkìtì ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Kì í fi òkìtì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ṣíṣubú ló máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọmọ. Ọmọ tuntun á dúró lẹ́bàá fóòmù, á ṣubú sẹ́yìn, á ṣubú síwájú, á fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú, á ká ara rẹ̀ kò, á yí gbiri. Ẹni tó bá sì ṣubú nínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìdíje, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á ní, "Tún un ṣe!" Àǹtí Rọra ní ọmọ tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ẹ̀rù á máa bà á, ẹ̀rù yẹn náà ló sì máa ń dá ọmọ lápá.

Ọ̀rọ̀ yìí bí Alága nínú. Ní ọ́fíìsì tó ti wá, bí wọ́n bá ní lágbájá ti ṣubú, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá wọ ilé kan tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kígbe "ṣubú, ṣubú" lójú rẹ̀! Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Nínú líìgì tí èmi jẹ́ alága rẹ̀," ó na ìka sókè, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣubú mọ́!"

Bàbá ọmọ kan bi í pé, "Bí ọmọ bá wá ṣubú ńkọ́, sà?"

"Kò ṣubú."

"Mo ní bó bá ṣubú, sà."

"Mo ní kò ṣubú! Ó balẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Àwọn ọmọ kúkú gbọ́ràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọdébìnrin kan tọ olùkọ́ rẹ̀ wá, ẹkún gbọ̀n ọ́n lóhùn, ó ní, "Àǹtí, mo balẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, orúnkún mi sì ti bó."

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Alága tún gbé òfin mìíràn kalẹ̀ pé ọmọ tó bá tẹríba fún òun láàárín eré yóò gba àmì àpọ́nlé lé orí èyí tó bá gbà. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe rí: ọmọ wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó rántí àmì àpọ́nlé, ó tẹríba, orí fà á lọ, ó di gbì. Òmíràn ta òkìtì, ó ń bọ̀ lókè, ó ń gbìyànjú àtikí àgbà kó tó délẹ̀. Àwọn òbí tó ń dájọ́ ìdíje kò mọ èyí tó tẹríba yàtọ̀ sí èyí tó ṣubú mọ́. Wọ́n kàn ń fún gbogbo wọn ní àmì.

Ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀, nítorí òbí ní sùúrù, ẹrù sì wà fún wọn láti gbé. Ìgbà tí iléeṣẹ́ eré ìdárayá ránṣẹ́ pé Adarí Àgbà àwọn ń bọ̀ wá wo ìdíje ọdọọdún ni nǹkan yí padà. Akọ̀wé sáré dé ilé Alága, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní òun tún gbọ́ ohun tí wọn ò sọ síta: àga kan ṣófo lọ́hùn-ún, àga olórí gbogbo líìgì àwọn ọmọdé ní gbogbo ẹkùn, Adarí yìí ló sì máa yan ẹni tó máa jókòó sórí rẹ̀.

Ohùn Alága rọlẹ̀. "Àga yẹn, ṣé ó lápá?"

"Ó lápá, sà. Ó tún ń yí."

"Ó ń kí ni?"

"Ó ń yí, sà. Ẹ kàn máa fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀ ni, ẹ̀yin náà á yí pẹ̀lú rẹ̀."

Alága di ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé yìí mọ́. Bó bá ń jẹun, á máa yí ìdí sọ́tùn-ún, á yí i sósì, kó lè mọ̀ ọ́n lára kí àga tó dé. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Dádì wọn, ṣé ẹ̀fọn ń jẹ yín nídìí ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló ku Alága kù. Bí òun àti àwọn òbí bá jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báwo ni Adarí ṣe máa mọ ẹni tó ga jù? Ó ní kí wọ́n kan pèpéle, àwọn òbí ní pákó wọ́n. Akọ̀wé ló rí ọ̀nà àbáyọ, nínú yàrá ìgbàlejò Alága, nígbà tí ìdíje ku ọ̀la.

"Ẹ rántí fóòmù àwọn ọmọ, sà," ó ní. "Bí a bá tò wọ́n léra títí, tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa lé e, tí a wá gbé àga yín sórí rẹ̀, orí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà."

"Báwo ni n ó ṣe gùn ún?"

"Àpótí tí àwọn ọmọ ń fò kọjá, sà. A ó fi ṣe àtẹ̀gùn."

Alága dìde, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ yìí, o gbọ́n ju ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti kú lọ."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Kápẹ́ẹ̀tì pupa wo?" Orí kápẹ́ẹ̀tì náà gan-an ni àwọn méjèèjì dúró sí.

Ìròyìn kì í pẹ́ dé etí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àǹtí Rọra ti kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Wọ́n ní ẹ fẹ́ kó fóòmù àwọn ọmọ."

"A kò kó o. A gbé e ga ni."

"Ibo ni wọ́n máa wá balẹ̀ sí, sà?"

Alága kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì kì í wọ́n ẹni ńlá. Òótọ́ ló máa ń wọ́n wọn. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀.

"Olùkọ́, jẹ́ kí n bi ọ́. Bí ọmọ bá fò, ibo ni àwọn èèyàn ń wò?"

"Òkè, sà."

"Ó tán! Ṣé o rí ẹnì kan tó wọ mọ́tò wá wo ilẹ̀ rí? Ilẹ̀ wà nílé oníkálukú! Nítorí náà, èmi Alága, láti òní lọ, mo fòfin de bíbalẹ̀ nínú líìgì yìí. Kí àwọn ọmọ fò. Kí wọ́n fò dáadáa. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú ìdíje."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. "Sà, kò sẹ́ni tó ronú débẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

Àǹtí Rọra wá ń fa ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé tó gun orí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. "Ọmọ tó bá ti fò, sà, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní balẹ̀."

"Àìgbọràn nìyẹn. Kọ́ wọn."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, inú ti ń bí i. Ó ní, "Kò burú. Bí kò bá sí fóòmù, ọmọ kankan ò ní fò lọ́la. Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á lọ sílé. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń múra o, sà. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé nítorí ìlọsíwájú ni."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó jáde. Ìyàwó Alága ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Dádì wọn, ọmọ ọlọ́mọ lẹ ní kó fò kó má balẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso nìyí. Kò lè yé ọ."

"Kò yé mi lóòótọ́. Kápẹ́ẹ̀tì mi ló yé mi. Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alága ti dé ilé ìkẹ́rùsí náà kí ẹnikẹ́ni tó dé, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rí bí òun ṣe máa gun fóòmù tí Akọ̀wé ti tò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ti ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, Alága fa kápẹ́ẹ̀tì láti òkè, wọ́n jọ jìjàkadì náà títí Alága fi dórí àga. Ó gbé apá lé apá àga. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí pákó àjà, ó rí òwú aláǹtakùn, ó rí àtàrí Akọ̀wé tó ti ń pá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Àmọ́ fóòmù kì í ṣe òkúta. Iṣẹ́ tí wọ́n rán fóòmù ni pé kó gba ẹni tó ń bọ̀ láti òkè, kó sì rọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rí pé kó gbé àgbàlagbà dúró. Ẹsẹ̀ àga tọwọ́ òsì kọ́kọ́ rì. Alága fì sọ́tùn-ún, tọ̀tún náà rì. Bó bá mí sínú, gbogbo rẹ̀ á wú. Bó bá mí síta, gbogbo rẹ̀ á sọ̀. Kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó pinnu láti dín èémí kù.

Àwọn òbí dé. Àwọn ọmọ wọ aṣọ péńpé tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n wo fóòmù wọn níbi tó wà, wọ́n wo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Adarí Àgbà dé lásìkò gẹ́lẹ́, láìsí ariwo, obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Akọ̀wé fa ọrùn yọ. "Ẹ dìde!"

Gbogbo ilé dìde, àfi ẹnì kan.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ ká ṣàánú Alága níbi tó bá ara rẹ̀ yìí. Bó bá dìde, ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, torí ìdí rẹ̀ ti sọ fún un. Bí kò bá dìde, a jẹ́ pé òun nìkan ló jókòó nígbà tí ẹni tó ni àga tó ń yí ń wọlé. Òfin dídìde yìí kan náà, ta ló ṣe é? Òógùn bọ́ sí i lójú. Adarí ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ń wo Adarí láti òkè. Ó rọra di apá àga mú, ó sì dìde.

Kò sì sí ohun tó ṣe é! Ó dúró! Bó bá jẹ́ pé ó padà jókòó lójú ẹsẹ̀ yẹn, bóyá ìtàn mi ì bá tán síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń dín èémí kù láti àárọ̀ ti kó ọ̀rọ̀ jọ sínú.

"Adarí Àgbà wa!" ohùn rẹ̀ kọ lu òrùlé. "Ìràwọ̀ tó ń tàn lọ́sàn-án gangan! Ẹ káàbọ̀ sí líìgì tí èmi nìkan fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé ró! Kí n tó dé, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀! Èmi ni mo kọ́ wọn! Èmi ni òpó! Èmi ni òrùlé! Níbi tí mo dúró sí yìí, ẹ̀fúùfù kankan kò lè..."

Ibi ẹ̀fúùfù ló ti na apá méjèèjì. Fóòmù òkè yọ̀ lórí ti ìsàlẹ̀, àga ṣíwájú, kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, fóòmù wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, Alága ló sì kẹ́yìn. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ó yí po lẹ́ẹ̀kan gbáko lókè, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, òkìtì tó mọ́ kedere, kó tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbàmù lórí àwọn fóòmù tó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Fìlà rẹ̀ ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ títí dé ẹsẹ̀ Adarí.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ rí ohùn sọ.

"Ẹ má mikàn o! Alága ò ṣubú! Ó balẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni!"

Àwọn ọmọ ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣubú láyé wọn, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe àtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ o. Ìyẹn ló mú un burú. Ojú wọn mọ́lẹ̀, inú wọn dùn sí i, nítorí wọ́n ti rí i pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìwà, wọn ò bá àgbà sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn sọ ọ́. "Ẹ tún un ṣe, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe!"

Alága gbọ́ àtẹ́wọ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ọwọ́ rẹ̀, tí kò tíì gbọ́ ìròyìn, gbéra fúnra rẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

Adarí rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ áńkáṣíìfù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kò síbi tó ń dùn yín?"

"Kò síbì kankan."

"A dúpẹ́. Fóòmù yín dára gan-an." Ó yíjú sí Àǹtí Rọra. "Olùkọ́, kí ló dé tí àwọn ọmọ fi ń pàtẹ́wọ́?"

Àǹtí Rọra ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń fi ìṣubú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Adarí mi orí, kò sọ púpọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Fóòmù ti wà nílẹ̀ báyìí. Ṣé a lè bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ò rí bí àwọn òbí ṣe sáré! Wọ́n ran Alága dìde, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹrù tí wọ́n máa padà wá kó. Wọ́n tẹ́ fóòmù, wọ́n gbé àpótí sáàyè rẹ̀, àwọn ọmọ sì fò. Ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká sáré wá, ó kọ lu àpótí, ó ṣubú, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó padà. Lẹ́ẹ̀kejì ó gbéra bí ẹyẹ, ó kọjá, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ pẹ̀kí, kò mì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Adarí fúnra rẹ̀ ń fò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ má rò pé Alága ń wò wọ́n o; lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó fẹ̀yìn tì, àga tó ń yí nìkan ló wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí Adarí ń lọ, Alága sá tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. "Adarí, ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí. Nípa àga tó ṣófo yẹn..."

Obìnrin náà dúró. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, Bàbá. Ọmọ tó fò kọjá àpótí lẹ́ẹ̀kejì yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ọmọ wa ni."

"Mo mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń béèrè."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé."

"Ẹyọ kan péré nínú gbogbo wọn ńkọ́? Èyí tó bá wù yín."

Alága ń fi ojú wá Akọ̀wé. Adarí kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n kéde ẹni tí wọ́n fún ní àga náà: ọkùnrin kan láti apá ibòmíràn nínú ẹkùn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí àfi àwọn ọmọdé. Akọ̀wé gbọ́ ìkéde yẹn tán, ó gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Rọra lọ tààrà, ó pè é ní Òpómúléró. Ìyẹn ní kó dákẹ́ ariwo, kó lọ pọn omi.

Alága múra ìpàdé tó tẹ̀lé e bí ẹni ń lọ sójú ogun. Ó mọ̀ pé wọ́n ti dìtẹ̀. Ó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ pariwo mọ́ òun, ó mọ ohun tí òun máa fi dá a lóhùn, ó sì ti dá ẹkún díẹ̀ sí fún ìparí ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá a tún ọrùn aṣọ ṣe. "Ẹ lọ rọra o, Dádì wọn," ó ní, àánú rẹ̀ sì ṣe é lóòótọ́.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Obìnrin kan ní aṣọ fóòmù méjì ya lọ́jọ́sí, ta ló máa rán an? Ọkùnrin kan ní korobá omi ń jò. Àǹtí Rọra ní ó dà bíi pé àwọn ò nílò alága mọ́, kí àwọn òbí máa ṣí ilé ní ìpín-ìpín, ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ? Wọ́n ní rárá. Wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ korobá, wọ́n sì pẹ́ lórí ìyẹn gan-an. Alága dìde kó lè dá wọn lóhùn. Bó ti dìde ni gbogbo ilé dìde pẹ̀lú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ìgbà tó rí i pé bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń kó kúrò nílẹ̀. Àkókò eré ti tó.

Ó dúró sáàárín ilé. Àwọn ọmọ ń gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, wọ́n ń gba òsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dun ẹnikẹ́ni mọ́, kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ìyẹn sì dun òun ju kí wọ́n bú u lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí kan mú."

Ó wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí líìgì ni, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbé ẹ̀gbẹ́ kan fóòmù dání, ẹ̀gbẹ́ kejì wà nílẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n jọ ń rìn lọ, obìnrin náà ń fi ẹ̀yìn rìn.

"Ọmọ ta lẹ bá wá, Bàbá?"

Alága ya ẹnu. Gbogbo oyè tó ní tò sórí ahọ́n rẹ̀, kò sì sí èyí tó dáhùn ìbéèrè náà nínú wọn.

"N kò bá ọmọ kankan wá."

"Háà! Ẹ kàn wá ràn wá lọ́wọ́ ni?" Obìnrin náà dúró, ojú rẹ̀ tàn. "Ọlọ́run á bù kún yín, Bàbá. Irú yín ò wọ́pọ̀."

Alága ti gba ìyìn láyé rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè nínú wọn. Èyí bá a lójijì, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó ṣáà di fóòmù náà mú.

"Ẹ gbé tiyín sókè díẹ̀ sí i," ni obìnrin náà wí, "ó ń wọ́ nílẹ̀."

Ó gbé e sókè.